Ta Ló Ni Dò?

Àwọn kan wà láyé tó jẹ́ pé bí wọ́n bá jókòó sórí àga, àga náà á gbàgbé pé igi ni òun. Ọ̀kan nínú wọn ni Alhaji Abdulmumini, Dáírẹ́kítọ̀ Àjọ Orin àti Àṣà ní ìlú Ìlọrin, láyé àwọn ológun, ní nǹkan bí ọdún 1997. Ọmọ Gàmbàrí ni, ọmọ ilé ire. Ẹ má bá ìyá rẹ̀ wí. Ọmọ ló bí, kò mọ̀ pé ọ́fíìsì ló máa yí i padà.

Bí Alhaji bá sín lẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ imú mọ́, ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Àwọn tó wà nítòsí á ní, "Yàríhámúkálláhù, sà!" Àwọn tó wà ní yàrá kejì á gbà á, wọ́n á sọ ọ́ sí yàrá kẹta, títí àdúrà náà á fi dé ọ̀dọ̀ mẹ́gáàdì lẹ́nu géètì, tí òun náà á fi èdè Hausa pariwo pé kí ẹ̀mí ọ̀gá gùn, "Ránkà yá dádè!" láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà kan, akọ̀wé kan kò dáhùn sí ìsín àárọ̀. Wọ́n ní kó wá wí tẹnu rẹ̀. Ó ní òun wà ní ilé ìgbẹ́. Alhaji wò ó títí, ó ní, "Ṣé ilé ìgbẹ́ kì í ṣe ara ọ́fíìsì ni?"

Kì í sì í sọ̀rọ̀ bí èèyàn yòókù. Òǹgbẹ kì í kàn gbẹ ẹ́. Á dìde, á gbá agbádá sẹ́yìn, á ní, "Èmi Abdulmumini, nípa agbára tí a gbé lé mi lọ́wọ́, mo fẹ́ mu omi." Wọ́n á gbé omi wá. Bó bá mu ún tán, wọ́n á pàtẹ́wọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí Alhaji ń fẹ́ láyé. Ipò Akọ̀wé Àgbà, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń pè ní Pẹ́mú-Sẹ́ẹ̀kì, ṣófo. Gómìnà ológun sì ti jẹ́ kó hàn pé òun fúnra òun lòun máa yan ẹni tó máa bọ́ síbẹ̀, àti pé ọjọ́ tí òun bá wá ṣí gbọ̀ngàn tuntun tí Àjọ náà kọ́ ni òun máa fojú ara òun wo ẹni tí Abdulmumini í ṣe. Alhaji gbọ́ èyí, oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Hàlímọ̀tù, ìyàwó rẹ̀, kò tilẹ̀ dúró de gómìnà rárá. Ó ti ń dáhùn sí "Ìyàwó Pẹ́mú-Sẹ́ẹ̀kì" lágbègbè, ẹni tó bá sì pè é lórúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kì í gbọ́.

Báwo lèèyàn ṣe ń wú gómìnà lórí? Alhaji rò ó, ó rò ó, ó wá rántí Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọba ti rán an lọ síbẹ̀ rí fún ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì mú un lọ síbi tí àwọn òyìnbó ti ń kọ orin ohùn mẹ́rin. Kò gbọ́ orin náà, oorun ń kùn ún. Ṣùgbọ́n ó rí i. Ó ní irú rẹ̀ gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ máa kọ fún gómìnà.

Ẹni tó máa kọ́ wọn ni Ajíbádé, ọmọ Ọ̀fà, ọ̀gá akọrin Àjọ, ẹni tó ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré. Ká sọ òótọ́, Ajíbádé mọ orin. Ó mọ bí sòpránò, áàtò, tẹ́nọ̀ àti báàsì ṣe ń bára wọn gbé láìjà. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń bá a jà: ó fẹ́ di igbákejì Dáírẹ́kítọ̀. Nítorí náà, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí, ẹnu rẹ̀ kì í sọ ọ́.

Ní ọjọ́ ìdánrawò àkọ́kọ́, Alhaji wọlé, gbogbo wọn dìde.

"Nínú ohùn mẹ́rin yìí, èwo ló wà lókè pátápátá?"

"Sòpránò ni, sà," Ajíbádé dáhùn. "Bilkisu ló ń kọ ọ́, táípíìsì wa."

"Lẹ́fẹ́ẹ̀lì mélòó ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba?"

"Mẹ́rin, sà."

"Ta ló wà nísàlẹ̀?"

"Báàsì ni, sà. Alhaji Àbdùlgàfárù, olórí àwọn akáùńtáǹtì. Ohùn wọn jinlẹ̀, àfi bíi ti..."

"Lẹ́fẹ́ẹ̀lì mẹ́rìnlá wà nísàlẹ̀, lẹ́fẹ́ẹ̀lì mẹ́rin gùn ún lórí! Ajíbádé, ṣé ìjọba lẹ fẹ́ gbà ni?"

"Rárá o, sà! Àwọn tó kọ́ wa ni ojú wọn ò là, sà."

Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ipò pín ohùn. Àbdùlgàfárù, ọkùnrin tó rí bí àgbá epo, bọ́ sí sòpránò, ó ń ké bí àkùkọ tí eegun ẹja há lọ́fun. Bilkisu, tí ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ń wá báàsì kiri nísàlẹ̀ bí ẹni tí garawa já sí kànga mọ́ lọ́wọ́. Alhaji mi orí. Ó ní, "Ní báyìí, ọ̀wọ̀ ti wà nínú rẹ̀."

Bí ó bá mọ síbẹ̀ ni, ì bá ṣì dára. Orin burúkú pọ̀ ní Nàìjíríà, kò sì tíì pa gómìnà kankan. Ṣùgbọ́n Alhaji tún padà wá lọ́jọ́ tí Ajíbádé ń kọ́ wọn ní ìkángun orin.

"Ẹ fetí sílẹ̀," Ajíbádé ń wí fún wọn. "Bí gbólóhùn orin bá fẹ́ parí, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á kọ́kọ́ dúró ní ìdí sóò inú dò-rè-mí, bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wọlé sí dò. Ìwọlé yẹn ni à ń pè ní kédéǹsì. Báàsì á fò láti sóò bọ́ sí dò. Tẹ́nọ̀ á dúró sójú kan. Áàtò á sọ̀ kalẹ̀ láti fáà sí mí. Sòpránò tó wà lórí tíì á gòkè díẹ̀, á bọ́ sí dò. Ẹ má fi tíì yẹn sílẹ̀ síbẹ̀ o! Ńṣe ló dà bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n tó ti dé ẹnu ọ̀nà ṣáláńgá."

Àwọn akọrin rẹ́rìn-ín. Alhaji ò rẹ́rìn-ín.

"Ta ni dò yìí?"

"Òun ni olórí orin, sà. Òun ni ilé tí gbogbo ohùn ń darí sí."

"Olórí mìíràn wà nínú Àjọ yìí, n kò sì gbọ́?"

Ó yíjú sí Bilkisu.

"Bilkisu yìí," Alhaji ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "yóò fò bọ́ sílé olórí, láìkan ilẹ̀kùn?"

"Wọ́n jọ ń wọlé ni, sà. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni."

"Jọ!" Alhaji di orí mú. "Lẹ́fẹ́ẹ̀lì mẹ́rin àti lẹ́fẹ́ẹ̀lì mẹ́rìnlá jọ! Wọ́n jọ wọ ilé olórí! Súbúhánálláhì!"

Ajíbádé ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ dákun, sà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é látijọ́ nìyẹn."

Alhaji gbá agbádá sẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá rí agbádá tó lọ sẹ́yìn báyẹn, kí ẹ mọ̀ pé òfin ń bọ̀.

"Láti òní lọ, nípa agbára tí a gbé lé mi lọ́wọ́, mo fi dò sábẹ́ ọ́fíìsì Dáírẹ́kítọ̀. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá gba ibẹ̀ láàárín orin, kó yára kọjá, kó má dúró, kó má wo ọ̀tún wo òsì, bí ẹni tó ń gba iwájú ilẹ̀kùn mi kọjá. Ṣùgbọ́n dò ìkángun, dò tí orin máa fi parí, èmi Abdulmumini nìkan ni yóò kọ ọ́!"

"Ránkà yá dádè!"

"Ọgbọ́n yìí, sà," Àbdùlgàfárù wí, ó ń nu òógùn sòpránò lójú, "bóyá ni wọ́n ní i ní Lọ́ńdọ̀nù."

"Wọn ò ní i," Alhaji wí. "Mo débẹ̀."

Ọ̀rọ̀ di mẹ́mò, mẹ́mò di òfin. Wàhálà wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò kọ orin rí, ẹ lè rò pé ohun kékeré ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ orin kan tí ẹ mọ̀, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn sílẹ̀, kí ẹ wá lọ jókòó jẹun. Ẹ ó rí i bóyá òkèlè á gba ọ̀fun yín kọjá. Ojoojúmọ́ ni àwọn akọrin yìí ń gbé orin dé ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń fi í sílẹ̀ síta. Orin náà ní, "A ó délé ayọ̀, a ó délé o," ṣùgbọ́n wọn kì í dé ibì kankan. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn. Ràúdátù tó ń kọ áàtò ní òun ò rí oorun sùn. Nígbà tó yá, bí ìdánrawò bá ti parí, ẹ ó rí akọrin tí wọ́n tò sẹ́nu ilé ìgbẹ́ ọ́fíìsì. Ẹni tó bá wọlé á ti ilẹ̀kùn, á sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́: "Dòòò." Á jáde, ara rẹ̀ á ti fúyẹ́.

"Ṣe wéré, jọ̀ọ́," Ràúdátù máa ń kan ilẹ̀kùn. "Tèmi ti dé ọ̀fun!"

Ó wá ku ọ̀nà tí Alhaji máa gbà kọ dò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó pe Ajíbádé sí ọ́fíìsì.

"Kékeré kì í la ẹnu níwájú àgbà láìgba àṣẹ. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ dé sóò, màá wojú gómìnà. Bí gómìnà bá mi orí sí mi, màá fi dò lé e. Gbogbo ayé á rí i pé èmi àti gómìnà la jọ parí orin ìpínlẹ̀ yìí."

"Bí wọn ò bá tètè mi orí ńkọ́, sà?"

"Ẹ padà sí ìlà tó kẹ́yìn. Ẹ máa yí i po. Orin ò gbọdọ̀ kú kí dò tó dé."

Wàyí o, Alhaji kan náà yìí ló kọ ọ́ sínú ìwé ètò pé orin àpọ́nlé ìjọba ni, àti pé gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ dìde, kí wọ́n dúró láìmira títí orin á fi parí. Ta ló máa dúró láìmira jù sójà lọ? Bí oyin bá ta sójà nímú nígbà tó fọwọ́ kan fìlà, kò ní mi orí. Ajíbádé mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé kò mọ̀. Ó ya ẹnu láti sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló wo àga igbákejì Dáírẹ́kítọ̀ tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó rí i pé tìmùtìmù rẹ̀ nípọn, ó sì pa ẹnu dé.

"Ẹ̀mí yín á gùn, sà," ló wí.

Ọjọ́ pé. Oòrùn oṣù kẹta Ìlọrin, tí kì í mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà, mú bí iná. Èrò pọ̀, nítorí wọ́n ti fi ọkọ̀ kó àwọn àgbẹ̀ wá láti Òkè-Oyì kí èrò lè pọ̀, wọ́n sì ti ṣèlérí oúnjẹ fún wọn lẹ́yìn orin. Gómìnà dé, ó dúró ṣánṣán, ó fọwọ́ kan fìlà. Àwọn sójà ẹ̀yìn rẹ̀ náà fọwọ́ kan fìlà. Àwọn ará ìlú dìde. Alhaji dúró síwájú akọrin nínú agbádá funfun, ojú rẹ̀ wà lórí orí gómìnà bí ojú ológbò lórí ẹja.

Orin bẹ̀rẹ̀. Ó dé ìlà tó kẹ́yìn, "A ó délé ayọ̀, a ó délé o," ó dúró lórí sóò, Àbdùlgàfárù gbé tíì rù sókè fíofío. Alhaji wo gómìnà. Gómìnà ò mira. Ajíbádé ju ọwọ́, wọ́n padà sí ìlà tó kẹ́yìn. Wọ́n tún dé ẹnu ọ̀nà. Alhaji rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gómìnà. Gómìnà ò mira. "A ó délé ayọ̀..."

Òógùn gba ọrùn gómìnà lọ sí ẹ̀yìn. Kò lè mi orí, ṣùgbọ́n ó lè yí ojú, ó sì yí ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì sí Alhaji, ojú náà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun kó parí nǹkan yìí. Alhaji rí i, ọkàn rẹ̀ kún. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ẹ wo bí ọkùnrin yìí ṣe fẹ́ràn mi."

"A ó délé ayọ̀, a ó délé o..."

"Orin wo ni èyí?" Ìyá arúgbó kan láti Òkè-Oyì, Àṣàbí lorúkọ rẹ̀, di ọ̀pá rẹ̀ mú. "Ṣé àwọn tó ń kọ ọ́ ò nílé ni?"

"Káì!" Talatu, ará Gàmbàrí tó dúró tì í, dá a lóhùn. "Ìyá, wálláhì ẹsẹ̀ mi ti kú. Wọ́n sáà ní àwọn ń lọ sílé látàárọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká sìn wọ́n lọ!" ni Àṣàbí wí.

Ohùn Àbdùlgàfárù já. Tíì tó gbé rù bọ́ sílẹ̀, òun náà tẹ̀ lé e, ó jókòó pẹ̀ẹ̀ sórí ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣì là. Bilkisu ń sunkún, ó sì ń kọ báàsì pọ̀ mọ́ ọn. Láàárín èrò, àwọn èèyàn ti ń kùn lábẹ́nu, olúkúlùkù ń wá ohùn tó sọnù. Wọ́n tún dé sóò. Wọ́n tún dúró. Gbogbo ìlú di èémí mú.

Gómìnà ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó mú ọwọ́ kúrò lórí fìlà, ó la ẹnu, ohùn tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún bàtálíọ̀nù jáde:

"DÒÒÒÒÒ!"

Ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya wọlé bí ewúrẹ́ tí òjò lé. Bilkisu fò bọ́ sí i, Àbdùlgàfárù kọ ọ́ láti ilẹ̀ tó jókòó sí, Ràúdátù sọ̀ kalẹ̀ sí mí, àwọn ará Òkè-Oyì tí wọn ò kọ́ orin rí gbà á, kódà àwọn sójà kọ ọ́. Kò sí kédéǹsì tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí ní ìpínlẹ̀ náà. Àtẹ́wọ́ dún. Gómìnà wó sórí àga, ó nu ojú, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò mọ̀ pé òun lóhùn tó báyẹn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ká ní Alhaji dákẹ́ níbẹ̀, Pẹ́mú-Sẹ́ẹ̀kì ni ì bá jẹ́ títí dòní. Inú gómìnà ń dùn. Oúnjẹ ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkùnrin yìí nínú agbádá rẹ̀: ó ti tọ́jú dò kan sínú àyà láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹlòmíràn sì ti jẹ ẹ́ níṣojú rẹ̀. Ó gun orí pèpéle lọ bá gómìnà.

"Ẹ́sẹ́lẹ́ńsì, sà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó ga jù lọ. Dò tí ẹ kọ yẹn..."

"Ṣé kò dáa ni?" Gómìnà ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa, sà. Ṣùgbọ́n tèmi ni."

"Tìrẹ kẹ̀?"

"Abẹ́ ọ́fíìsì mi ló wà, sà. A ti kọ mẹ́mò lé e lórí. Ẹ̀yin lẹ máa mi orí, èmi ni màá wá kọ ọ́. Mo sì dúró dè yín títí, ẹ ò mi orí, sà."

Ẹ̀rín gómìnà dúró díẹ̀díẹ̀. "Ìyẹn ni pé ìwọ lo dá mi dúró sínú oòrùn látàárọ̀?"

"A jọ dúró ni, sà."

"Jọ?" ni gómìnà wí.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré ni, ṣùgbọ́n àwọn sójà ẹ̀yìn rẹ̀ tún ìdúró ṣe. Alhaji nìkan ni kò gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kò sì tíì bàjẹ́ jù. Bí Ẹ́sẹ́lẹ́ńsì bá yọ̀ǹda dò náà padà fún mi, kí gbogbo èèyàn tún dìde, ká mú un láti ìlà tó kẹ́yìn."

"Ẹ gbà wá o!" Àṣàbí pariwo láàárín èrò. "Ẹ bá wa dì í mú kó tó bẹ̀rẹ̀!"

Gómìnà kọjú sí Ajíbádé. "Ìwọ lo kọ́ wọn lórin. Ṣé bí orin ṣe máa ń rí nìyí?"

Ajíbádé wo Alhaji. Ó wo gómìnà. Ó wo ìràwọ̀ tó wà léjìká gómìnà. "Sà, mo sọ fún wọn o," ló wí. "Mo sọ, mo sọ, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó." Ọlọ́run tó gbọ́ ọ kò sọ nǹkan kan, sùúrù Rẹ̀ pọ̀.

"Kí ni orúkọ rẹ?" gómìnà bi Alhaji.

"Alhaji Abdulmumini ni, sà," ló dáhùn, ó tẹrí ba. Gómìnà ní kí sójà kan kọ ọ́ sílẹ̀.

Nílé, Hàlímọ̀tù ti pa àgbò. Àdúgbò ti kún. Àáfà Jímọ́ọ̀, tí kì í pẹ́ dé ibi tí ẹran bá wà, ti jókòó síwájú. Alhaji wọlé, wọ́n pariwo "Ẹ kú oríire!" Ó jókòó sáàárín wọn.

"Báwo ni gómìnà, Baba Pẹ́mú?" ni wọ́n bi í.

"Èmi àti gómìnà sọ̀rọ̀ títí," ló wí. "Ojúkojú. Ó tiẹ̀ bi mí lórúkọ, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀."

"Àllááhù Àkúbárù! Wọ́n ti kọ orúkọ! Ó ti bọ́ sí i!"

Wọ́n gbé ẹran kalẹ̀, gbogbo ọwọ́ wọ àwo. Nígbà tí àkókò ìròyìn ìrọ̀lẹ́ tó, Hàlímọ̀tù yí rédíò sókè kí àwọn ará ìta náà lè gbọ́. Àáfà Jímọ́ọ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà kó lè bá ìròyìn dé pọ̀: "Ọlọ́run, fi àlùbáríkà sí ipò tuntun tí o fún ẹrú Rẹ..."

Rédíò ní gómìnà ti fẹ̀yìn Alhaji Abdulmumini, Dáírẹ́kítọ̀ Àjọ Orin àti Àṣà, tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé ni yóò máa bójú tó Àjọ náà.

"...àti sí ìsinmi tuntun tí o fún un," Àáfà Jímọ́ọ̀ bá a lọ láìmí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. "Ìsinmi ló sàn ju iṣẹ́ lọ. Fi mọ bẹ́ẹ̀."

"Àmín," ni gbogbo ilé wí, ẹran lẹ́nu. Ẹni tó ní "Ẹ kú oríire" lẹ́ẹ̀kan ti ní "Ẹ kú àmúmọ́ra" báyìí, kò sì dìde nídìí àwo kan náà. Alhaji jókòó, ó la ẹnu, ó ń wo rédíò bí ẹni tó ń retí pé ó kù díẹ̀ tí wọn ò tíì sọ.

Hàlímọ̀tù dìde, ó ṣí ìkòkò, ó wo inú rẹ̀, ó dé e padà.

"Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa yọ̀ ti jẹ ẹran tán," ló wí. "Àwọn tó máa wá bá wa dárò lọ́la ńkọ́, kí la fẹ́ fún wọn?"